Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ Akáńtáǹtì: Ẹ Má Wo Táì Nìkan

  

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Onitsha, Nkpor, Obosi àti Ogidi, títí kan àwọn tó ń gbé lódìkejì odò ní Asaba, ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ jọ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó kọ́ ìṣirò owó ni, àwọn tá à ń pè ní akáńtáǹtì. Oṣù kan kì í lọ báyìí kí òbí kan má dìde nínú ìpàdé wa pé ọmọ òun ti jáde ní Poli Oko tàbí ní Yunifásítì Awka, pé akáńtáǹtì ló kà, kí ẹgbẹ́ bá òun wá iṣẹ́ fún un. Àwa náà á mi orí, a ó ní a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè pé irú iṣẹ́ wo. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́, àgàgà tí táì bá ti wà lọ́rùn.

Ìpàdé wa tó kọjá ló là wá lójú. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Ìgbò bó ṣe gbọ́ Yorùbá. Ó ti gba HND, ó sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Lẹ́yìn tó ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, iṣẹ́ mẹ́ta yọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní, báńkì kan fẹ́ gbà á, kì í ṣe bí òṣìṣẹ́ gidi, bí kò ṣe láti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kó òṣìṣẹ́ fún wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn tí yóò kówó sí báńkì, wọ́n sì ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ mú wálé lóṣooṣù fún un. Èkejì, ilé iṣẹ́ kékeré kan tí àwọn ọ́dítọ̀ dá sílẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé owó àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wò. Owó oṣù tiwọn kò tó ìdajì ti báńkì. Ẹ̀kẹta, ọlọ́jà ńlá kan tó ń kó ẹrù wọlé láti òkè òkun fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a kọ ìwé ọjà. Òun yóò fún un ní yàrá àti oúnjẹ lórí owó oṣù rẹ̀.

Bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ télọ̀, ní báńkì ni. Ìyá rẹ̀, tó ń ta àdìrẹ, ní ọ̀dọ̀ ọlọ́jà ni, nítorí ojú òun lòun fi ń rí owó lọ́jà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn ọ́dítọ̀ lòun ń lọ. Bàbá dìde, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n: "Láti 30 ọdún, kóòtù ọmọ ẹlòmíràn ni mo ń rán. Ó wá kan tèmi, ó ní fáìlì lòun fẹ́ lọ máa rù kiri." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe tiwa

Ká tó dá bàbá yìí lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tiwa. Ní 2003, ọmọbìnrin kan láàárín wa wà ní ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀, ó ti lo ọdún kan àtààbọ̀ níbẹ̀. Báńkì kan pè é. Ó wá bá àwa àgbà fún ìmọ̀ràn. Ká sòótọ́, a ò tiẹ̀ ronú. A ní kó sáré lọ, kó má jẹ́ kí àǹfààní bọ́. A ṣàdúrà fún un, a sì jẹ ìrẹsì.

Ní oṣù Keje ọdún 2004, báńkì àpapọ̀ wa kéde pé owó ìdókòwò tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ti kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, ó di bílíọ̀nù 25, gbèdéke rẹ̀ sì ni ìparí ọdún 2005. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó wá di gómìnà ìpínlẹ̀ Anambra yìí ní 2022, ni gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà. Báńkì 89 ló wà nígbà tí ìkéde yẹn jáde. Nígbà tí gbèdéke pé, wọ́n ti di 25. Àwọn kan darapọ̀, wọ́n gbé àwọn kan mì, àwọn mìíràn sì kógbá sílé. Báńkì tí ọmọ wa wà wà nínú àwọn tí wọ́n gbé mì, òun náà sì wà nínú àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ.

Ohun tó dùn wá jù kọ́ ni pé iṣẹ́ bọ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó dùn wá ni pé nígbà tó tún ń wá iṣẹ́ akáńtáǹtì, wọ́n ní kí ló lè ṣe. Ohun tó mọ̀ ni bí a ṣe ń ka owó níwájú oníbàárà àti bí a ṣe ń bẹ ọlọ́jà pé kó wá kówó sílé. Ó ti gbàgbé èyí tó kọ́ lọ́dọ̀ ọ́dítọ̀, kò sì ṣe ìdánwò kankan láti ìgbà náà. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 35, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tó yẹ kó ti parí. Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ ò ṣe mí níkà, ẹ kàn rí táì ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí wa títí dòní.

Ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ni

Àwa kò ka ìwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà a kì í ṣe akáńtáǹtì. Ṣùgbọ́n a ti bi àwọn ọmọ wa tó wà nídìí iṣẹ́ náà léèrè, a sì ti rí ohun tí ojú wọn rí.

Ọmọ tó bá lọ sọ́dọ̀ ọ́dítọ̀ kì í kọ́kọ́ rí owó, ìwé ló ń rí. Bí onísìmẹ́ǹtì bá ní òun ní 4,000 àpò ní ilé ìkẹ́rùsí, ọ́dítọ̀ kò ní gbà á gbọ́ lẹ́nu, yóò rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ kà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi máa ń wà nínú eruku ilé ìkẹ́rùsí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń múra ọdún tuntun. Wọn á gbé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, wọn á wá ibi tí méjèèjì kò ti bára mu, wọn á sì béèrè ìdí. Wọn á ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá fún gbogbo ohun tí wọ́n bá ní àwọn rà. Oṣù yìí, ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Oṣù tó ń bọ̀, ilé ìwé tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni. Láàárín ọdún méjì, ọmọ náà yóò ti rí inú oríṣiríṣi òwò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé títí dé òpin rẹ̀.

Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ ọlọ́jà, òwò kan ṣoṣo ni yóò mọ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ ọ́n délẹ̀: iye tí ẹrù jẹ́ ní èbúté, iye tó ná wọn láti gbé e dé Onitsha, àwọn tó jẹ gbèsè àti àwọn tí kò ní san án láéláé. Bí ọlọ́jà náà bá jẹ́ kó rí gbogbo ìwé, ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kìkì ohun tí wọ́n tà lónìí ni yóò máa kọ, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe akáńtáǹtì.

Báńkì náà kì í ṣe ọ̀tá. Nínú báńkì kan náà, àwọn kan wà tó ń tọ́jú ìwé, tó ń ṣọ́ àṣìṣe àti jìbìtì. Irú wọn ń kọ́ iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kàn rán jáde láti wá owó wálé ni ká ronú lé lórí. Owó oṣù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ló ń wọ orí rẹ̀? Ìjì báńkì kò sì tán pẹ̀lú ọdún 2005. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ tún kéde iye owó tuntun tó di dandan, bílíọ̀nù 500 náírà fún àwọn báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun.

Ẹ wo àwọn onílẹ̀ tá a jọ ń gbé. Ọmọ Ìgbò tó bá wọ igba boi lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lè sìn fún ọdún márùn-ún sí méje láìgba owó oṣù. Yóò ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò gbálẹ̀, yóò ru ẹrù, yóò sì máa fi etí gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń ná ọjà. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá á fún un ní owó tí yóò fi dá dúró. Kò sẹ́ni tó ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín lójú ọjà yìí. Àwa náà ní i nílé wa: kò sí télọ̀ tàbí mẹkáníìkì wa tí kò kọ́ṣẹ́ kó tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, òbí ló tiẹ̀ máa ń sanwó fún ọ̀gá kí ọmọ rẹ̀ tó ráyè kọ́ṣẹ́ akáńtáǹtì. Kí ló wá dé tá a fi rò pé ẹni tó ka ìwé kò ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́?

Ọ̀nà tí Akíntọ́lá Williams gbà

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ṣáájú gbogbo wọn. Olóyè Akíntọ́lá Williams, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1919, lọ sí CMS Grammar School, ó sì gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ilé iṣẹ́ UAC láti kàwé ní Yaba Higher College. Ó lọ sí ìlú ọba ní 1944, ó gboyè ní Yunifásítì London ní 1946, ó sì di ṣátáàdì akáńtáǹtì ní 1949. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn.

Ó padà wálé ní 1950, ìjọba sì gbà á sí ẹ̀ka owó orí. Ẹ fojú inú wo irú iṣẹ́ yẹn láyé òyìnbó! Iṣẹ́ ìjọba, owó oṣù tí kì í yẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì níwájú. Ká ní àwa la jẹ́ òbí rẹ̀ ni, a ò bá ti pa màlúù. Ṣùgbọ́n ní 1952, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, nígbà tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló di iṣẹ́ yẹn mú.

Ta wá ni àwọn oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́? Níbí ni kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Onitsha ti dẹtí. West African Pilot, ìwé ìròyìn Dókítà Nnamdi Azikiwe, wà lára wọn, ọmọ Onitsha sì ni Azikiwe. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ojukwu, ti ọlọ́rọ̀ ọmọ Nnewi nì, wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò K. O. Mbadiwe náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Fawehinmi tó ń ṣe àga àti tábìlì. Ẹ ò rí i pé ọmọ Ìgbò gbé ìwé owó rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé ọwọ́ ẹni náà mọ́ iṣẹ́, ó sì tún mọ́ ní ti ìwà. Nígbà tí ìjọba dá àjọ àwọn akáńtáǹtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965, èyí tá à ń pè ní ICAN, òun ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 104.

A ò sọ pé kí gbogbo ọmọ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ o. Ohun tá à ń sọ ni pé ọkùnrin yẹn ti kọ́ṣẹ́ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbójú lé.

Ìwé ẹgbẹ́ wa

Ní ìpàdé tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan nínú wa ní kí a tiẹ̀ wo ohun tí ọmọ yìí mọ̀. A gbé ìwé owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún un, ìwé ọlọ́pọ̀ ewé kan tí Màmá akápò wa ti ń kọ láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó dé, ó ní 46,500 náírà jáde kúrò ní báńkì tí kò sí nínú ìwé.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ojú gbogbo èèyàn lọ sọ́dọ̀ Màmá. Obìnrin tó ti ń bá wa tọ́jú owó láìgba kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A ò ní purọ́, àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Ọmọ náà ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé iṣẹ́ òun kò tíì tán. Ó ní kí akọ̀wé mú ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sí wá. Ó ṣí i sí oṣù tí owó náà jáde. Ó wà níbẹ̀ kedere: ẹgbẹ́ ní kí wọ́n san owó ọkọ̀ tó gbé òkú ọ̀kan nínú wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa gan-an la pàṣẹ rẹ̀ lẹ́nu, a sì ti gbàgbé. Màmá sanwó, kò gba rìsíìtì, kò sì kọ ọ́.

A bi ọmọ náà pé níbo ló ti kọ́ èyí. Ó ní kì í ṣe nínú kíláàsì. Ọdún kan tóun fi ṣe IT láàárín OND àti HND, ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀ kan lòun wà. Ọ̀gá yẹn ló kọ́ òun pé bí owó kò bá pé, kí èèyàn má wo ojú ẹni, kó wo ìwé tó kù. Ìwé ló gba Màmá lọ́wọ́ ẹnu wa. Bàbá télọ̀ jókòó, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a rí i pé ó ń wo ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó gba iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ta ni ọ̀gá, ṣé akáńtáǹtì tó ní ìwé àṣẹ ni? Ṣé ẹ máa rí ìwé òwò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àbí igun kan ni wọ́n á fi yín sí? Ṣé wọ́n á yọ̀ǹda yín láti jókòó fún ìdánwò? Ṣé owó oṣù náà á tó wọkọ̀, á sì tó jẹun?

Ìdánwò ICAN máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìdánwò àwọn olùrànlọ́wọ́ akáńtáǹtì tí wọ́n ń pè ní ATSWA. Ọ̀nà mìíràn ni ANAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, tí òfin sì fọwọ́ sí ní 1993. Àwọn yẹn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn ní ìpínlẹ̀ Plateau. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ní 1994, Olóyè Olútóyìn Ọlákúnrì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ICAN.

Ìkìlọ̀ kan wà o. Àwọn ọ̀gá kan wà tí yóò ní kí ẹ kọ ìwé mẹ́ta fún òwò kan: ọ̀kan fún báńkì tí wọ́n fẹ́ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan fún agbowó-orí, ọ̀kan fún ara wọn. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, irọ́ ló ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ìparí ọdún 2006 ni Cadbury Nàìjíríà jẹ́wọ́ pé ìṣirò owó àwọn ti kọjá òótọ́ fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà sì bá a lọ. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé ńlá bẹ́ẹ̀, kí ni ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Àwa tá a jẹ́ àlejò níbí, bí orúkọ ọ̀kan wa bá bàjẹ́, gbogbo wa ló kàn.

Ibi tá a parí rẹ̀ sí

Ọmọ náà ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ́dítọ̀. Bàbá rẹ̀ gbà fún ọdún méjì, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ yá a ní owó tó fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Àyálò ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tuntun tó ṣí fún wa.

A ò ní fi ohun tó ná wọn pamọ́. Ká ní báńkì ló lọ ni, owó oṣù rẹ̀ ni wọn ì bá fi san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́dún yìí. Ọmọbìnrin yẹn yóò dúró sílé fún ọdún kan, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. A bi í bóyá inú ń bí i. Ó ní inú ń bí òun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ti ṣèlérí. Ìlérí yẹn wà lọ́rùn ọmọkùnrin náà, ó sì wà lọ́rùn wa pẹ̀lú, nítorí àwa la dá sí ọ̀rọ̀ ilé wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ebi bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí ọmọ gba iṣẹ́ tó bá rí, kó sì máa ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ kan. Kò sẹ́ni tí yóò bú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè rọ́jú fún ọdún méjì, ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí yóò ti mọ iṣẹ́. Àdán tó sùn sídìí òrùlé, gbogbo ìṣe ẹyẹ ló ń wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò padà ra kóòtù fúnra rẹ̀, bàbá télọ̀ ni yóò sì rán an.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba rìsíìtì, ẹ sì máa kọ ìwé. Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀.